Kọfí Tí A Sá Bí Gbodo

Bàbá mi gbin kọfí níbi tí gbogbo aládùúgbò rẹ̀ ti ń gbin kòkó, mo sì gbà pé láti inú ìwà yẹn ni mo ti jogún orí kunkun tèmi. Oko náà wà lẹ́yìn Ẹlẹ́yẹlé, ní apá ibi tí ènìyàn ti lè rí omi adágún láàárín igi, tí yóò máa tàn bí páànù tuntun. Ní ìgbà èwe mi, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn dé ibẹ̀ láti ibi tí ọkọ̀ bá já wa sí. Lónìí, ilé alájà méjì ti dé etí ààlà wa, kẹ̀kẹ́ sì ń gbé èrò dé ẹnu ọ̀nà oko.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ kí n tó tẹ̀síwájú, nítorí bí kò bá mọ̀ ọ́n, gbogbo ohun tí mo ṣe yóò dà bí àṣejù arúgbó lójú rẹ̀. Kọfí ni ó rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Àwọn ẹbí bàbá mi ti péjọ, wọ́n ti sọ pé ìwé tí mo kà tó fún obìnrin, pé ọkọ ni kí a wá fún mi. Bàbá mi kò bá wọn jiyàn. Ó ta kọfí ọdún náà, ó ra àpótí onípáànù, aṣọ funfun méjì àti bàtà aláwọ fún mi, ó sì mú mi lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ó gbé àpótí náà kalẹ̀, ó ní, "Igi ni ó san owó èyí. Má dójú tì wọ́n." Kò ní kí n má dójú ti òun. Ó ní kí n má dójú ti igi.

Ní ti iṣẹ́ olùkọ́, n kò dójú tì wọ́n. Mo di ọ̀gá ilé-ìwé, mo sì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ọlá sí ilé wa ní Bódìjà. Ṣùgbọ́n oko fúnra rẹ̀ ni mo pa tì. Lẹ́yìn ikú bàbá wa, àwọn alágbàṣe ni a fi í sílẹ̀ fún. Nígbà tí àwọn wọ̀nyẹn darúgbó, kò sí ẹni tí ó rọ́pò wọn. Àwọn oníṣòwò tí ó máa ń wá ra kọfí dẹ́kun wíwá. Èyí tí ó wá gbẹ̀yìn fi ọwọ́ bu díẹ̀ nínú àpò, ó gbé e sí imú, ó rọra dà á padà, ó ní òun ń bọ̀. A kò rí i mọ́.

Àwa méjì péré ni ó kù nínú ọmọ bàbá wa: èmi, àti àbúrò mi ọkùnrin, lọ́yà tí ó ń gbé ní Challenge. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, ó wọlé tọ̀ mí wá, ó sì tẹ́ àwòrán ilẹ̀ ńlá kan sórí tábìlì mi, lórí aṣọ tábìlì tí mo fi ọwọ́ ara mi hun. Láìsọ fún mi, ó ti mú àwọn awọnlẹ̀ lọ sí oko. Wọ́n ti pín in sí púlọ́ọ̀tì, wọ́n ti kan èèkàn mọ́ ilẹ̀, wọ́n sì ti so aṣọ pupa mọ́ orí èèkàn kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bó ṣe gún régé," ni ó wí.

"Ta ni ó rán ọ ní iṣẹ́ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ìgbà wo lẹ dé oko yẹn gbẹ̀yìn? Ejò ló ń san owó orí níbẹ̀ báyìí."

"Ìwọ náà ńkọ́? Ìgbà wo ni o dé ibẹ̀?"

"Èmi kì í lọ síbi tí ejò bá ti pọ̀ ju lọ́yà lọ."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo dì í mú. Mo sọ fún un pé n kò ní fọwọ́ sí ìwé títà kankan. Ó mí kanlẹ̀. Ọmọ rere ni àbúrò mi, kò sì lè ta oko náà láìsí ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé n kò ní agbára àtiro ó mọ́.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ẹ wá olùrà kan fún mi. Ẹyọ kan. Ẹni tó máa ra kọfí yẹn, tó sì máa tún padà wá rà á. Tẹ́ ẹ bá rí i kí ọyẹ́ tó lọ, n ò ní dárúkọ títà mọ́ láéláé. Tẹ́ ò bá rí i, ẹ ó fọwọ́ síwèé."

"Mo gbà," ni mo dá a lóhùn. "Ká àwòrán rẹ kúrò lórí aṣọ tábìlì mi."

Bí ó ti jáde tán ni ẹ̀rù bà mí. Orúnkún mi kò lè gun òkè oko náà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò lè san owó alágbàṣe. Mo jókòó, mo sì rò ó bí mo ti máa ń ro ètò ilé-ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ohun tí mo sì rí ni pé oko náà ti tóbi ju ìdílé wa lọ. Bí a bá fẹ́ kí ó yè, àfi kí ó di ti adúgbò. Ilẹ̀ yóò wà bí bàbá mi ti fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ yóò jẹ́ ti àwọn tí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bákan náà fún gbogbo wọn.

Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ wa. Olùkọ́ àgbà mẹ́rin tí ó ti fẹ̀yìn tì bí tèmi dìde. Àwọn yòókù wá láti Ẹlẹ́yẹlé àti láti àwọn ilé tí ó yí oko ká: àwọn tí ń yan ẹja, àwọn opó, àwọn Mùsùlùmí àti Onítẹ̀bọmi tí ó ṣí wá láti Òkè-Ògùn. Nígbà tí a pé, a jẹ́ obìnrin méjìdínlógún. A gbá ilé ìkẹ́rù bàbá mi, a lé àwọn àdán jáde, a sì gbé pátákó ìkọ̀wé sí ìdajì rẹ̀, kí àwa olùkọ́ lè máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìwé lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí, bí àwọn ìyá wọn ti ń já kọfí lọ́wọ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láti darí ènìyàn. Mo mú agogo wá. Mo mú ìwé orúkọ wá, mo sì ń pè é láràárọ̀.

"Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́," ni mo wí fún ìyá ẹlẹ́ja kan ní ọjọ́ kejì.

Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ má bínú, Màmá Tíṣà. Kẹ̀kẹ́ tá a wọ̀ ló ta táyà."

"Kẹ̀kẹ́ kọ́ ni mo pe orúkọ rẹ̀."

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ṣé ẹ máa nà wá ni? Ká lè wọ ṣòkòtò tó nípọn lọ́la!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé òfin tí mo fi darí ilé-ìwé mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ́ ọ̀gá: kò sí pàṣán, kò sí èébú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe àṣìṣe yóò dìde dúró níwájú gbogbo ẹgbẹ́, yóò sọ ohun tí ó ṣe, yóò sọ bí yóò ti tún un ṣe, yóò sì jókòó. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá ẹlẹ́ja dìde, ó sọ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó. Láti ọjọ́ náà, òfin yẹn di òfin oko.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, a já ìdajì oko. Kọfí tí ó pọ́n, pupa bí ìlẹ̀kẹ̀, ń wọ inú agbọ̀n, orin sì ń gba ẹnu gbogbo wa. Mo wá pàṣẹ pé kí a kó gbogbo rẹ̀ jọ sí òkìtì kan, kí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Bí bàbá mi ti ń ṣe nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí ń ṣe kòkó ni ó ti kọ́ ọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe kòkó kí ó lè kan kí wọ́n tó sá a.

Obìnrin kan wà láàárín wa tí à ń pè ní ìyá onígbodo. Ọmọ Ṣakí ni, gbodo, iṣu tí a sá gbẹ, àti èlùbọ́ ni ó sì ń tà ní Mọ́kọ́lá láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò ka ìwé rárá. Bí mo bá pe orúkọ rẹ̀, yóò dáhùn, yóò sì wo ìwé náà bí ẹni ń wo ilé olówó. Ó dúró ti òkìtì náà, ó sì tẹ èso kan fọ́ láàárín ìka rẹ̀.

"Màmá Tíṣà, ẹ dákun, kí la ń bò ó fún?"

"Kí ó lè kan dáadáa."

"Kòkó ló ń kan, Mà. Ṣé eléyìí náà ń kan?"

"Bí bàbá mi ti ṣe é nìyí títí ó fi kú."

"Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn. Ẹ wo ọwọ́ mi, ó ń lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ó ládùn. Tá a bá bo gbodo mọ́lẹ̀ báyìí ní tútù, kó tó di ọ̀la, ó ti bu."

"Ìyá, kọfí kì í ṣe iṣu. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ìlànà."

"Ó dáa, Mà." Ó wo agbọ̀n kan tí kò gba inú òkìtì mọ́. "Ẹ fún mi ní èyí tó ṣẹ́kù yẹn, kí n fi ṣeré."

"Ẹ máa fi ṣeré," ni mo wí, mo sì yí ojú mi padà.

Àpáta pẹrẹsẹ kan wà ní ìsàlẹ̀ oko wa. Níbẹ̀ ni ó gbá mọ́, níbẹ̀ ni ó sì tẹ́ kọfí rẹ̀ sí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan kò gun orí èkejì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sá gbodo lórí àpáta ní ìlú wọn. Ní wákàtí wákàtí ni ó ń lọ yí i. Kí ìrì tó sẹ̀, yóò ti kó o wọlé. Àwọn obìnrin yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá onígbodo, ọbẹ̀ wo la máa fi jẹ ẹ́?" Yóò dáhùn pé, "Èyí tẹ́ ẹ máa wá tọrọ lọ́wọ́ mi ni."

Nígbà tí a tú òkìtì tèmi, òórùn rẹ̀ le. Mo ní bí ó ti máa ń rí nìyẹn, òótọ́ sì ni mo sọ, nítorí òórùn yẹn ni òórùn ìgbà èwe mi. A sá a, ó gbẹ, a rọra gún un nínú odó kí èèpo rẹ̀ lè kúrò, a sì fẹ́ ẹ. Mo di díẹ̀ sínú àpò tí ó mọ́, mo sì wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sí ìsìn ìdúpẹ́. Bí mo ti fẹ́ máa lọ, ìyá onígbodo kúnlẹ̀, ó na ọ̀rá dúdú kékeré kan sí mi. "Ẹ bá mi mú tèmi dání, Mà." Mo jù ú sí ìsàlẹ̀ báàgì mi.

Kò jìnnà sí ilé mi ní Bódìjà ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti ṣí ilé ìmukọfí, tí àwọn ọmọ yunifásítì ń jókòó sí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà wọn. Ó kí mi tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ, ó sì gba kọfí mi. Ó yan án nínú ẹ̀rọ kékeré kan, ó lọ̀ ọ́, ó da omi gbígbóná sí i, ó fi ṣíbí bù ú sẹ́nu. Ó mu omi lé e.

"Mà, ẹ má bínú sí mi o."

"Sọ ọ́. Olùkọ́ ni mí. Mo ti gbọ́ ohun tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n wá gbàgbé sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì."

Ara mi gbóná láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nínú ìṣẹ́jú kan yẹn, mo rí oníṣòwò tí ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀ tí kò padà wá, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ní ìgbà bàbá mi, orí ìwọ̀n ni wọ́n ti ń ra kọfí, kò sí ẹni tí ń tọ́ ọ wò. Ó lè ṣe é bí kòkó títí ayé, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù mi.

"Èyí tó wà nínú ọ̀rá yẹn ńkọ́, Mà?"

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo rántí igi, mo sì fi ọ̀rá náà lé e lọ́wọ́. Ó tún yan án, ó lọ̀ ọ́, ó bù ú sẹ́nu. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fọwọ́ kan omi. Ó tún bù ú. Ó pe ọmọbìnrin tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ kí òun náà wá tọ́ ọ wò.

"Ta ló ṣe eléyìí?"

"Obìnrin kan tí kò ka ìwé," ni mo dáhùn, ojú sì tì mí bí mo ti gbọ́ ohùn ara mi. Mo tún un sọ: "Obìnrin kan tí ó mọ̀ ju mí lọ."

"Mà, tí gbogbo rẹ̀ bá rí báyìí, èmi fúnra mi ni màá wá gbé e lóko."

Ìdajì kọfí ṣì wà lórí igi. Ọyẹ́ kò ní pẹ́ lọ. Bí mo ti délé ni fóònù mi dún, àbúrò mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọyẹ́ o. Ṣé olùrà yẹn ti délé, àbí ó ṣì wà lọ́nà?"

"Ó wà lọ́nà," ni mo wí, mo sì pa fóònù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lu agogo. Mo pe orúkọ gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, mo bọ́ síwájú, mo sì dúró síbi tí ẹni tí ó bá ṣe àṣìṣe máa ń dúró. Wọ́n rò pé mo fẹ́ pe ẹlòmíràn ni.

"Èmi ni," ni mo wí.

Ìyá ẹlẹ́ja sáré dìde. "Hà, Màmá Tíṣà, rárá o! Ẹ jókòó, ẹ dákun. Ọjọ́ orí yín kọ́ nìyẹn."

"Òfin kì í bi ènìyàn ní ọjọ́ orí. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀." Mo nà tàntàn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. "Mo fi ìlànà kòkó ṣe kọfí. Ẹnì kan nínú yín sọ fún mi kí ó tó bàjẹ́, mo sì pa á lẹ́nu mọ́ nítorí pé kò ka ìwé. Mo ti ba ìdajì iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́. Bí n ó ti tún un ṣe nìyí: láti òní lọ, ìyá onígbodo ni olórí sísá, ohun tí ó bá sọ ni a ó ṣe, èmi ni yóò sì kọ́kọ́ ṣe é."

Mo jókòó. Ìyá onígbodo ti fi ìborùn rẹ̀ nu ojú. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Ó dáa. Màmá Tíṣà, ẹ lọ bọ́ bàtà yín. Ẹnìkan kì í wọ bàtà dé ibi tá a bá ti ń sá nǹkan jíjẹ."

Mo bọ́ bàtà mi. Inú wọn dùn sí i ju ohun gbogbo tí mo ti sọ lọ.

Àpáta kò lè gba gbogbo kọfí tí ó kù, nítorí náà a fi ọparun kan pẹpẹ, a tẹ́ àwọ̀n ẹja tí ó ti gbó láti Ẹlẹ́yẹlé lé wọn, a sì ń yí kọfí lórí rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìyá onígbodo yóò bu hóró kan, yóò fi eyín gé e, yóò ní, "Ó ku ọjọ́ méjì." Ọjọ́ méjì ni yóò sì kù ní tòótọ́. Àwa olùkọ́ márààrún tí orúnkún ń dùn jókòó ti iṣẹ́ ṣíṣà, a ń yọ èyí tí kò dára bí ẹni ń máàkì ìwé ìdánwò. Òórùn aṣọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀ mọ́. Òórùn èso ni oko náà ń rùn.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà wá pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ bí ó ti ṣèlérí, ó sì kó gbogbo èyí tí ó ti gbẹ. Mo tẹ àbúrò mi láago, mo ní kí ó wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, padà wá la sọ, a ò sọ pé kó wá." Lọ́yà ni; mo gbà pé òótọ́ ni ó sọ. Mo dúró. Àfẹ́gbẹ̀yìn ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ètè wa ṣì ń sán, nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin náà tún fóònù pé ohun tí òun kó ti tán, pé òun ń bọ̀ ní Sátidé.

Ní Sátidé náà, àbúrò mi dé pẹ̀lú kóòtù àti ìwé títà nínú fáìlì. Ó bá ọkọ̀ olùrà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìyá ẹlẹ́ja sì ń gbé àpò sí i. Ó bá àwọn ọmọdé nínú ilé ìkẹ́rù, tí wọ́n ń ka ìwé sókè níwájú pátákó. Wọ́n fún un ní kọfí. Ó bu mílíìkì sí i, ó sì ju ṣúgà mẹ́ta sí i. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà fi sùúrù wo apá ibòmíràn. Àbúrò mi mu ún, ó tún mu ún, ó sì wo inú kọ́ọ̀pù náà fún ìgbà pípẹ́.

"Kọfí bàbá wa nìyí?"

"Òun ni. Kò sí ẹni tí ó tọ́ ọ wò rí ni."

Ó wo gbogbo oko yíká. "Àwọn èèkàn mi ńkọ́?"

"A ti fi wọ́n di àwọ̀n mú lábẹ́ pẹpẹ, Lọ́yà," ni ìyá onígbodo dáhùn. "Wọ́n wúlò gan-an. Ẹ kú ìnáwó."

Ẹ̀rín ta kan òkè. Nígbà tí ó rọlẹ̀, ìyá ẹlẹ́ja dojú kọ ọ́, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, "Lọ́yà, ẹ má bínú o. Òfin kan wà lóko yìí. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe á dìde dúró."

Àbúrò mi wò mí. Mo wo òkè ọ̀run. Ó gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀, ó dìde, ó de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ bí ẹni pé adájọ́ ni ó wà níwájú rẹ̀.

"Mo pín oko bàbá mi sí púlọ́ọ̀tì láìwo ẹni tó wà níbẹ̀," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Bí mo ṣe máa tún un ṣe nìyí. Màá kọ ìwé míì fúnra mi. Kò sí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ wa tó máa lè ta ilẹ̀ yìí nígbà tí ẹgbẹ́ yìí bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀." Ó sì jókòó, àwọn obìnrin sì fi igbe ayọ̀ lé e títí ó fi rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí ó gba ẹ̀bùn ní ilé-ìwé.

Ó mú ìwé náà wá sí Bódìjà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ tábìlì mi, lọ́tẹ̀ yìí n kò ní kí ó gbé e kúrò. Ìyá onígbodo jókòó tì mí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Láti ìgbà tí ó ti di olórí sísá ni ó ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọdé níwájú pátákó ní ìrọ̀lẹ́, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ tèmi, ó lọ́ra, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju tèmi lọ. Mo ti ṣèlérí fún àbúrò mi pé n ó fọwọ́ sí ìwé bí ọyẹ́ bá lọ tí n kò rí olùrà. Mo rí olùrà, síbẹ̀ mo fọwọ́ sí ìwé.